Bí Mo Ṣe Ya Fọ́tò Olú Aláwọ̀ Nínú Igbó Ìbàdàn

Ohun tó ń ba fọ́tò olú jẹ́ jù nínú igbó wa ni ewé orí igi. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú ewé kọjá máa ń kó àwọ̀ ewé dání dé ilẹ̀, olú tó pupa dòdò á wá hàn nínú fọ́tò bí èyí tó ti ń rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbájú mọ́ ìmọ́lẹ̀ ju kámẹ́rà lọ.

Igbó IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ni mo lò, nǹkan bí hẹ́kítà 350 tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n dá oko sí. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbéra. Ọjọ́ kejì òjò ńlá ni mo lọ, ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí atẹ́gùn tó dìde. Mo fi igi gbá ewé ilẹ̀ kí n tó dọ̀bálẹ̀, nítorí ìjàlọ àti ejò. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà jáde látinú ọkọ̀ tí AC ti mú tutù, ẹ má ṣí àpò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ooru igbó á fi omi bo ojú lẹ́ǹsì.

Cookeina tricholoma ni mo kọ́kọ́ yà: olú oníife, inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, irun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ yí i ká, ó hù lára ẹ̀ka tó ti wó tó sì ń jẹrà. Omi òjò máa ń dúró sínú ife yìí, omi náà á sì gbé funfun ojú ọ̀run sáàárín fọ́tò. Mo lọ́ etí tíṣù di ṣóńṣó, mo fi fa omi náà gbẹ, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan ẹ̀kán tó wà lórí irun. Bí a bá yà á láti òkè tààrà, irun ò ní hàn. Láti ẹ̀gbẹ́, inú ife ò ní hàn. Àárín méjèèjì ló dáa.

Tripod mi, ìyẹn igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, ò lè wálẹ̀ tó, mo gbé kámẹ́rà lé àpò aṣọ tí mo rọ ẹ̀wà sí, mo sì fi òkúta ti ẹ̀ka náà kó má baà mì. Lẹ́ǹsì macro 100mm (ti ohun kékeré), ISO 200 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó), f/11 (ìwọ̀n ihò lẹ́ǹsì: bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ihò ṣe ń kéré tó), ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú tímà kámẹ́rà kí ọwọ́ má baà gbọ̀n ọ́n. Mo ṣí agboòrùn dúdú sókè láti dí ìmọ́lẹ̀ ewé, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì gba inú bébà funfun láti ẹ̀gbẹ́, mo ń rọra mì í kí òjìji má baà le. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti ya káàdì eérú láti fi tún white balance ṣe, ìyẹn kí àwọ̀ inú fọ́tò lè bá ti ojú mu.

Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù ní 2/3 stop (stop kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìdajì). Ẹ yẹ histogram pupa, àwòrán orí kámẹ́rà tó ń fi bí pupa ṣe pọ̀ tó hàn, wò lọ́tọ̀: nínú èyí tó pa àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, pupa lè ti kún àkúnya kó má hàn rárá, inú ife á sì di àbàwọ́n kan ṣoṣo láìsí ojú awọ kankan. f/11 ò tó láti mú etí iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣe kedere, f/22 sì ń mú kí gbogbo rẹ̀ rọ̀. Mo ya fọ́tò 12, mo ń sún fókọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà Helicon Focus ló pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Olú kejì, Pycnoporus sanguineus, rọrùn. Orí gẹdú gbígbẹ níbi tí oòrùn ń pa ló ń wà, ó le bí awọ, kì í tètè bàjẹ́. Bébà funfun ni mo fi ṣíji bò ó. Mo ti dígí kékeré sábẹ́ rẹ̀ láti ya ihò wínníwínní ibẹ̀ láìfà á tu, torí ẹni tó bá fẹ́ mọ irú olú tó jẹ́ máa nílò abẹ́ rẹ̀.

Olú kẹta, Phallus indusiatus, ni kì í dúró deni. Bí ẹyin ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ẹyin náà máa ń là láàárọ̀, àwọ̀n funfun á sọ̀ kalẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti lè wó. Òórùn rẹ̀ ń pe eṣinṣin wá jẹ ohun yíyọ̀ tó wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń gbé hóró rẹ̀ káàkiri. Mo gbé ISO lọ sí 1600, mo ya á ní 1/125 ìṣẹ́jú àáyá nítorí eṣinṣin, mo sì wọn ìmọ́lẹ̀ láti ara àwọ̀n náà, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù tí funfun yẹn sì jó, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá ihò rẹ̀ padà.