Bí ẹ ṣe máa mọ irú Yaris tó wà níwájú yín kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, tí ẹni tó ń ta mọ́tò òkásíọ̀n bá ní "Yaris ni, Yaris ò ní wàhálà", ẹ bi í pé èwo nínú wọn. Láti 1999 títí di ìsinyìí, oríṣi mẹ́rin ni Toyota ti gbé jáde ní Yúróòpù, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, àmọ́ iná iwájú, gíláàsì, ilẹ̀kùn, ti ọ̀kan ò wọ ara èkejì, tẹ́ ẹ bá lọ ra píẹ̀sì ní Ouando láì mọ èyí tẹ́ ẹ ní, ẹ máa gbé e padà ni, ìyẹn tí ẹni tó tà á bá gbà.

Ẹ má gbára lé ọdún tó wà nínú carte grise, ìyẹn ìwé mọ́tò, nìkan o. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ mọ́tò sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. 2005 ni àkọ́kọ́ parí tí ìkejì bẹ̀rẹ̀, torí náà èyí tó ní 2006 lórí ìwé ṣì lè jẹ́ ti àtijọ́ tó pẹ́ lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2011 láàárín ìkejì àti ìkẹta.

Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ wo kọ́ntọ̀ tó ń ka ìsáré. Nínú àkọ́kọ́ àti ìkejì, àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, kò sí níwájú awakọ̀. Ìkẹta ló gbé e padà sẹ́yìn volant. Ìkẹta yìí náà, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń nu gíláàsì iwájú ẹ̀, méjì ni ti àwọn tó ṣáájú. Wọ́n tún ń gùn sí i: àkọ́kọ́ tó nǹkan bíi mítà 3.6, ìkejì bíi 3.75, ìkẹta bíi 3.9. Ìkẹrin, ti 2020, owó ẹ̀ ṣì ga, mi ò ní fi í dá yín dúró.

Ẹ́ńjìnnì ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò. 1.0 onẹ́sáǹsì ni wọ́n máa ń pè é nínú gbogbo wọn, àmọ́ sílíńdà mẹ́rin ni ti àkọ́kọ́, láti orí ìkejì ó di mẹ́ta. Ẹ ṣí kápò, kẹ́ ẹ ka ibi tí wáyà ti wọlé sórí búgì. Onísílíńdà mẹ́ta máa ń gbọ̀n díẹ̀ tó bá dúró sójú kan, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ẹ má torí ẹ̀ sá fún mọ́tò tó dáa. Ṣùgbọ́n tí onísílíńdà mẹ́rin bá ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó ń tà á ní kò sí nǹkan kan, nǹkan wà ńbẹ̀ o. Oore kan tún wà lára onímẹ́ta yẹn, òun náà ló wà nínú Aygo, Peugeot 107 àti Citroën C1, píẹ̀sì ẹ̀ ò ṣòroó rí.

Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀ yín gan-an ni fítẹ́ẹ̀sì. Nínú ìkejì, irú kan wà tí kò ní pẹ́dà embrayage (clutch), wọ́n á ní otomátíìkì ni. Ẹ wo ọ̀pá fítẹ́ẹ̀sì ẹ̀: tẹ́ ẹ ò bá rí P, tó jẹ́ R, N, E àti M ló wà níbẹ̀, kì í ṣe otomátíìkì gidi, fítẹ́ẹ̀sì ọwọ́ ni, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń bá yín tẹ embrayage. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá kọṣẹ́, mọ́tò ò ní lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Kútọnu sì máa ń tètè jẹ embrayage ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Tí ohun gbogbo bá ṣì dàrú lójú yín, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ kápò, wọ́n kọ nǹkan bíi SCP10, KSP90 tàbí KSP130 sí i. 10 ni àkọ́kọ́, 90 ni ìkejì, 130 ni ìkẹta. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NLP, gásóìlì ló ń mu, NHP130 sì ni hybrid, ìyẹn èyí tó ń lo ẹ́sáǹsì àti iná mànàmáná pa pọ̀. Ẹ ya fọ́tò irin yẹn sórí fóònù yín, òun lẹ máa fi han ẹni tó ń ta píẹ̀sì kó tó gbé nǹkan kan sílẹ̀ fún yín.