Bí mo ṣe ya máàpù igi apá

Igi apá wà lára àwọn tí IUCN, àjọ àgbáyé fún ìdáàbòbò ẹ̀dá, kà mọ́ igi tó wà nínú ewu àkúrun. Agégẹdú ń wá a torí pé ikán kì í rí pákó rẹ̀ jẹ bọ̀rọ̀, darandaran sì ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, tó wáyé ní Panama lọ́dún 2022 fi igi apá ti Áfíríkà sínú Àfikún Kejì, pé ẹni tó bá fẹ́ tà á sílẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Èmi àtàwọn tí a jọ ń tọ́ igi ń wá èso tí a lè gbìn, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí àgbà igi rẹ̀ ṣì wà.

Orí GBIF, ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ohun ẹlẹ́mìí jọ sí lórí ayélujára, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni àkọsílẹ̀ ewéko ibẹ̀. Mo wá Afzelia africana, ìyẹn orúkọ sáyẹ́ǹsì igi apá, mo mú ti Nàìjíríà àti Benin, mo sì ṣí i nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣíṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò rọrùn. Ẹ̀ka kan ṣoṣo tí wọ́n pín sí ilé ìkó-ewé-gbígbẹ-sí mẹ́ta lè hàn bí igi mẹ́ta, àmì mìíràn sì já sínú òkun.

Àwọ̀ ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Bí gbogbo àmì bá jẹ́ àwọ̀ kan, ẹni tó bá wò ó á ní apá pọ̀ lọ súà. Mo fi àwọ̀ eérú kun àkọsílẹ̀ tó ti wà ṣáájú 1980, mo fi àwọ̀ ewé kun ti 2010 wá síhìn-ín. Nígbà náà ni mo tó rí bí ohun tí a gbọ́kàn lé ṣe jẹ́ ìròyìn àtijọ́ tó. Ìwé mìíràn kàn kọ orúkọ igbó ọba, bí Olókemejì, láìsọ ibi pàtó. Irú wọn, mi ò fi àmì ṣóńṣó sí i. Òbìrí ńlá ni mo yà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé igi kan dúró gbọnin láàárín rẹ̀. Òpó coordinateUncertaintyInMeters nínú àkọsílẹ̀ náà, tó ń fi mítà sọ bí ibi tí wọ́n kọ ṣe lè jìnnà sí ibi gan-an tó, ló ń sọ bí òbìrí yóò ṣe fẹ̀ tó.

Ibi tí kò sí àmì rárá, “a kò tíì débẹ̀” ni mo kọ síbẹ̀. Ẹ̀bá títì ni àwọn tó ń já ewé fún irú àkọsílẹ̀ yìí sábà máa ń rìn, igbó inú lọ́hùn-ún kì í sí nínú ìwé wọn. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹnìkan lè torí rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé igbó náà, pé kò kúkú sí apá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn wúlò lójú mi ju gbogbo àwọ̀ tó kù lọ.

Máàpù méjì ni mo ṣe. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwa tó ń lọ sígbó. Nínú èyí tí gbogbo ayé lè rí, mo yọ àmì kúrò, mo fi onígun mẹ́rin oníkìlómítà mẹ́wàá rọ́pò, torí agégẹdú tó bá ní fóònù lè tọ àmì náà dé ìdí igi. Àwọn òbìrí aláwọ̀ eérú tó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta la ó kọ́kọ́ lọ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí èso apá bá gbó.