Bí a ṣe ń ya ìkookò tó já sínú ọ̀gbun

Ẹni tó bá ti wo Wile E. Coyote, ìkookò aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà inú fíìmù àwòrán, tí kì í rí ẹyẹ Road Runner mú, mọ ìran yìí: ẹyẹ yà bàrá, ìkookò ò lè dúró, ó sáré ré etí òkè kọjá, ó wolẹ̀, ó wo wá, ó já. Ọdún 1949 ni Chuck Jones àti Michael Maltese gbé àwọn méjèèjì jáde ní ilé-iṣẹ́ fíìmù Warner Bros., ìran náà ò sì tíì sú èèyàn. Yíyà rẹ̀ ò le. Kíka fíréèmù rẹ̀, ìyẹn ààyè àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú fíìmù, ló le.

Fíréèmù 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá jókòó fún fíréèmù 2, àwòrán 12 ni ẹ ó yà, ìyẹn sì tó fún ọ̀pọ̀ ìṣesí. Ibi tí eré bá ti gbóná nìkan ni kí ẹ ti ya ọ̀kan fún fíréèmù kan.

Fún eré sísá, fíréèmù 4 fún ìgbésẹ̀ kan ti yá dáadáa. Ẹ ya ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì, kí ẹ máa yí fíréèmù 8 náà po. Ẹsẹ̀ ẹyẹ ò nílò yíyà: òbìrìkìtì ìlà tó ń yí bíi táyà ti tó. Kí ó tó ṣí, ẹ fà á sẹ́yìn fún fíréèmù 6 sí 8, bí àgbò tó tàdí mẹ́yìn. Láìsí ìyẹn, ojú òǹwòran ò ní mọ ibi tó gbà lọ.

Ìkookò wá dé etí òkè. Ẹyẹ ò gbọdọ̀ tì í o; eré ara rẹ̀ ni kó gbé e dé ibẹ̀. Tó bá ti kọjá, kò gbọdọ̀ já lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ti tán lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa sáré lófurufú fún bíi fíréèmù 8, kó dúró, kó fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀ tì. Kó wá yíjú sí wa. Ibí yìí gan-an lẹ̀rín wà, ẹ má fún un ní ohun tó dín sí fíréèmù 16. Kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kí etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó parí. Bó bá ń ju apá tó ń ké, ó ti bàjẹ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń gé ìdúró yìí kúrú, torí àwòrán tí kò mì ń bà wọ́n lẹ́rù.

Bí ẹ bá ń wo ìjábọ́ náà láti ẹ̀gbẹ́, àlàfo àwòrán kan sí èkejì ò gbọdọ̀ dọ́gba. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ mìlímítà 2, kí ìkejì jẹ́ 6, kó di 10, kó di 14. Tó bá dọ́gba, ìyẹ́ adìyẹ lẹ yà. Jones fẹ́ràn kó máa wò ó láti òkè, kí ìkookò máa kéré títí á fi pòórá. Ìṣirò rẹ̀ ni fíréèmù 18 kó tó pòórá, 14 kí eruku tó sọ. Láàárín 14 yẹn, ohunkóhun ò gbọdọ̀ mì, kí orin dákẹ́. Ẹ dán 5 wò: a ò tíì retí nǹkan kan tí eruku ti dé. Ẹ dán 40 wò: ọkàn wa ti kúrò níbẹ̀.

Ohùn àti eruku, fíréèmù kan náà ni. Ọ̀gbun jìn, nítorí náà «pòò» kékeré ń pani lẹ́rìn-ín ju «gbàà» lọ. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn níbi tó balẹ̀ sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ fún fíréèmù 2: bí gíga rẹ̀ bá dín sí ìdajì, kí fífẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dà bíi pé ara rẹ̀ fò lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí eegun tó yọ.

Pẹ́ńsùlù lásán ni kí ẹ fi ṣe gbogbo èyí, kí ẹ wò ó yí po kí ẹ tó kun ọ̀dà kankan. Tí eruku bá ti tú, ẹ dúró fún fíréèmù 12, kí ẹ wá gé e sí ibi tí ìkookò ti ń ṣí àpótí ẹ̀rọ tuntun.