Bí Lọ́yà Tó Jẹ́ Àjèjì Ṣe Lè Dé Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà

Ìwé ọmọ ìlú ni kó o kọ́kọ́ mójú tó. Tó o bá ti lo ọdún 5 pẹ̀lú green card (ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ), o lè kọ fọ́ọ̀mù N-400 tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ ìlú. Kódà wọ́n gbà á tó bá ku ọjọ́ 90 kí ọdún náà pé. Ìrìn àjò tó bá ju oṣù 6 lọ lẹ́ẹ̀kan náà lè da ìṣirò ọdún rẹ rú.

Ibi tó léwu jù rèé: níbi tó o ti ń gba láísẹ́ńsì ọkọ̀, wọ́n lè bi ọ́ bóyá o fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Má fọwọ́ sí i tó ò bá tíì di ọmọ ìlú. Wọ́n lè torí ẹ̀ lé ọ kúrò nílùú.

Tó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́yà ní New York, oṣù kejì àti oṣù keje ni ìdánwò bar tí wọ́n fi ń gba àṣẹ iṣẹ́ náà, máàkì 266 nínú 400 sì ni wọ́n ń béèrè.

Ilé Aṣojú-ṣòfin fẹ́ ẹni ọdún 25 tó ti jẹ́ ọmọ ìlú fún ọdún 7. Ti Sẹ́nétọ̀ jẹ́ 30 àti 9. Pé kó o máa gbé ní ìpínlẹ̀ tó o fẹ́ ṣojú fún ló kan òfin, kì í ṣe ẹkùn ìdìbò, àmọ́ àwọn olùdìbò ò ní ṣàì bi ọ́ níbi tó ò ń sùn. Ó dáa kó o ti ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Mazie Hirono, lọ́yà tí wọ́n bí ní Japan, wọ ilé aṣòfin Hawaii ní 1981, ó dé Ilé Aṣojú-ṣòfin ní 2007, ó sì di Sẹ́nétọ̀ ní 2013.

Tí owó ìpolongo bá ti ju $5,000 lọ, ọjọ́ 15 péré lo ní láti fi fọ́ọ̀mù 2, tó o fi ń sọ pé o fẹ́ díje, ránṣẹ́ sí FEC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìpolongo ìdìbò. Dá owó àjèjì tí kò ní green card padà, ì báà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ.