Bí a ṣe ń kọ "billion" nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí owó kò fi ní ṣì

Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà kọ iye náà sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni bílíọ̀nù kan, òdo mẹ́sàn-án ló sì ní: 1,000,000,000. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́mà sí i, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ìwé ìṣirò alápòótí táwọn ọmọ iléèwé ń lò ni mo fẹ́ràn, òdo kan sínú àpótí kan. Kò wọ́n, kì í sì í jẹ́ kí òdo sá lọ. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe bíírò.

Bí iye bá ti ṣáájú rẹ̀, ẹ má fi "s" kún un: "two billion naira". Ìgbà tí ẹ ò bá dárúkọ iye kan pàtó ni ẹ lè kọ "billions of naira".

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹ bá ń da iye kọ láti inú ìwé ẹlòmíì. Ẹ wo ọdún rẹ̀, ẹ wo èdè rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òdo méjìlá ni "billion" ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà ló jẹ́ mẹ́sàn-án. Ọdún 1974 ni Harold Wilson, olórí ìjọba wọn nígbà náà, kéde pé ti òdo mẹ́sàn-án ni ìjọba yóò máa lò. Torí náà, bí ìwé London kan bá ti pẹ́ ju ìgbà yẹn lọ, ẹ wá òdo rẹ̀ rí kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ti Faransé ló léwu jù. Àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń fi Faransé kọ ìwé ìjọba, "milliard" sì ni Faransé ń pe òdo mẹ́sàn-án. "Billion" tiwọn ní òdo méjìlá, ìyẹn "trillion" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti rí ìwé tí wọ́n ti túmọ̀ "cinq milliards" sí "five million", torí pé ojú akọ̀wé kò kọjá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Owó iṣẹ́ odindi já sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún! Ẹ kọ iye òdo sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ná, kí ẹ tó túmọ̀ ohunkóhun.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì ìdá mẹ́wàá pẹ̀lú. Bílíọ̀nù kan àti àádọ́ta mílíọ̀nù, 1.05 ni, kì í ṣe 1.5.

Ẹ lè gé e kúrú sí "bn" nínú ìròyìn. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà tán, kí ẹ sì to gbogbo òdo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.