Àìrí Kì í Ṣe Àìsí: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Neutrino

Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ń rí lórí ọ̀rọ̀ neutrino, ègé kékeré tí kò ní iná mànàmáná nínú tó sì ṣòro láti rí, ọ̀kan ló ń bí ìyókù: bí ẹ̀rọ kò bá rí nǹkan, wọ́n á ní nǹkan náà kò sí.

Ẹ wo ti LEP, ẹ̀rọ tó ń mú àwọn ègé kọlu ara wọn ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, nígbà kan. Ó wo bí Z, ọ̀kan nínú àwọn ègé tó ń gbé agbára aláìlera (weak force), ṣe ń túká, ó sì fi ka oríṣi neutrino: mẹ́ta péré. Láti ìgbà náà làwọn kan ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ sterile neutrino, irú mìíràn tí a rò pé ó lè wà, ti parí. Rárá o. Àwọn tí Z ń bí ni LEP lè kà. Sterile neutrino kì í bá Z ṣe, kì í bá W, ègé mìíràn tó ń gbé agbára kan náà, ṣe. Àfi kó dàpọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta tí a mọ̀, kó sì yí bí wọ́n ṣe ń para dà padà, ká tó lè gbúròó rẹ̀.

Ẹ má sì da gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní àmì rẹ̀ pọ̀. Àyẹ̀wò LSND ní Los Alamos àti MiniBooNE ní Fermilab, ní Amẹ́ríkà, rí àmì tó pọ̀ ju iye tí wọ́n retí lọ, ṣùgbọ́n MicroBooNE kò rí àfikún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú èsì rẹ̀ ní 2021. Ti gallium, níbi tí neutrino tí wọ́n rí ti kéré sí iye tí wọ́n retí, tí àyẹ̀wò BEST tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Rọ́ṣíà, kò tíì ní àlàyé. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Lórí ìjẹrà beta onílọ́po méjì, níbi tí neutron méjì nínú kókó átọ́ọ̀mù ti ń di proton lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ló ń fi irú kan pe èkejì. Èyí tí a ti rí ni èyí tó ń tu ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì àti antineutrino (ìdàkejì neutrino) méjì jáde. Ọdún 1987 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i tààrà nínú yàrá àyẹ̀wò, lára selenium-82. Ìyẹn kò sọ bóyá neutrino àti antineutrino jẹ́ ohun kan náà, bí onímọ̀ físíìsì Majorana ṣe dá a lábàá ní 1937. Èyí tí a ń wá ni èyí tí antineutrino kankan kò ní jáde; bí a bá rí i, ó fi hàn pé ohun kan náà ni wọ́n. Àmì rẹ̀ ni pé àròpọ̀ agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì yóò máa já sí iye kan ṣoṣo. Lára germanium-76, 2039 keV (òṣùwọ̀n agbára) ni.

GERDA, àyẹ̀wò tó wá a lára germanium ní Ítálì, sọ ní 2020 pé, bí irú yìí bá wà, àkókò tí ìdajì germanium-76 yóò fi jẹrà báyìí ju ọdún 1.8 × 10²⁶ lọ. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní ta ni yóò dúró dé ìgbà yẹn? Kò sẹ́ni tó nílò àtidúró. Átọ́ọ̀mù inú kílógíráàmù 1 tó nǹkan bí 8 × 10²⁴. Bí àkókò náà bá jẹ́ iye yẹn gan-an, kílógíráàmù 100 yóò fún wa ní ìjẹrà nǹkan bí 3 lọ́dún. Mẹ́ta péré! Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ òkè ní Gran Sasso, kí ìtànṣán láti ojú ọ̀run má baà bo àmì díẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n neutrino láti inú èsì wọ̀nyí. KamLAND-Zen, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní Japan, kọ ọ́ ní 2023 pé ìwọ̀n tí ìjẹrà yìí ń tọ́ka sí kò lè ju ààlà kan tó wà láàárín 36 sí 156 meV (òṣùwọ̀n ìwọ̀n neutrino) lọ. Ẹ má mú 36 kí ẹ sì ju 156 nù: ìṣirò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kókó átọ́ọ̀mù kò tíì bá ara mu láàárín àwọn onímọ̀, òun ló jẹ́ kí ààlà náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì sọ pé àìrí ìjẹrà náà fi hàn pé neutrino kì í ṣe Majorana, ìyẹn pé òun àti antineutrino kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tí neutrino kọ̀ọ̀kan dá sí ìwọ̀n yẹn lè pa ara wọn rẹ́ títí kò fi ní kù ju díńkín lọ. Bí sterile neutrino tó wọ̀n tó nǹkan bí 1 eV bá wà, tí òun náà sì jẹ́ Majorana, ó lè fi kún iye náà, ó sì lè yọ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ààlà yìí sọ bí ìwọ̀n àwọn neutrino ṣe tò tẹ̀ léra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa bóyá mẹ́ta péré ló fi ṣírò.