Bó o ṣe máa gbé ní Ẹ̀pẹ́ tí ìròyìn ẹ ò ní ṣáájú ẹ délé

Kọ́kọ́ gbà pé wọ́n ti rí ẹ. Ọjọ́ tó o kó ẹrù dé yẹn, kí wọ́n tó sọ fìríìjì ẹ kalẹ̀ ni àdúgbò ti mọ̀ pé o ò tíì níyàwó, pé fóòmù kan ṣoṣo lo ní, pé jẹnẹrétọ̀ ẹ kékeré ni, àwọn kan á tiẹ̀ ti máa jiyàn pé Mushin lo ti ń bọ̀ àbí Sùúrùlérè. Tó bá jẹ́ pé Èkó lo ti wá, níbi téèyàn ti lè gbé ilé kan fún ọdún mẹ́ta kó má mọ orúkọ ẹni tó wà lókè orí ẹ̀, ó máa kọ́kọ́ rí bákan lára ẹ (mo mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Èkó náà ni Ẹ̀pẹ́ wà, àwa la ni E tó gbẹ̀yìn nínú IBILE, ìyẹn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹkùn márààrún ìpínlẹ̀ náà, àmọ́ téèyàn bá ń ti ibí lọ sí Ọbálẹ́ńdé, "mò ń lọ s'Ékòó" ló máa sọ). Wọn ò ní in lọ́kàn láti ṣe ẹ́ níbi o, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. Kò sí bó o ṣe lè sá pamọ́ ní Ẹ̀pẹ́, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ò ju pé kó o jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ara ẹ.

Ìkíni ló máa kọ́kọ́ kàn. Kí gbogbo èèyàn. Màmá tó ń ta gàrí ní ìkóríta yẹn, tó o bá kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo máa kí i, má sì lo ìkíni kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ káàárọ̀ wà, ẹ kú ọjà wà, ẹ kú ìkàlẹ̀ wà, ẹ kúùrọ̀lẹ́ wà. Yọ íàpíìsì létí kó o tó dé ọ̀dọ̀ wọn, torí wọ́n máa ní àwọ́n kí ẹ o ò dáhùn, ẹjọ́ ọ̀hún á sì ti dé ilé kó o tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní ìlú kékeré kan báyìí ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, tó jẹ́ pé oko àlìkámà ló yí i ká, ó ní bí mọ́tò méjì bá pàdé lọ́nà níbẹ̀, ìka kan ṣoṣo ni dírébà máa gbé sókè lórí sítíárìn, ó ti kí ẹ nìyẹn. Dán an wò ní Ẹ̀pẹ́. Gbé ìka kan sókè sí Alájì tó jókòó síwájú ilé ẹ̀, kó o wá wo bí lánlọ́ọ̀dù ẹ ò ṣe ní pè ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé kí ló ṣe ìwọ àti Alájì.

Wàyí o, ẹja. Ibi tí wàhálà pọ̀ sí nìyí, torí náà fara balẹ̀.

Ọjà Olúwo ni wàá lọ, kó o sì tètè lọ láàárọ̀ kí àwọn oníbàárà tó ń ti ọ̀nà Lẹ́kí àti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ tó ṣa èyí tó dáa lọ. Wo ojú ẹja, kó mọ́lẹ̀, kó má ṣe bàìbàì. Ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wò, kí inú ẹ̀ pupa. Fi ìka tẹ ara ẹ̀, tí ibi tó o tẹ̀ bá dìde padà, ó dáa, tó bá jin kòtò síbẹ̀, kí màmá náà pé ẹ kú ọjà kó o máa lọ. Òbòkún, ẹpìyà, àrọ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà, o tún máa rí òyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà míì ọ̀nì pàápàá, tí wọ́n ti so ẹnu ẹ̀, má dúró yà á ní fọ́tò títí bí àlejò.

Tó bá di kó o ná ọjà, má fi ìbínú ná an. Ká ní wọ́n pe àrọ̀ ńlá kan ní ₦15,000. Ìwọ náà á ní, "Ìyá, ọmọ yín ni mí o, àdúgbò ibí ni mò ń gbé." Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ múra sílẹ̀, torí ìbéèrè tó kàn ni "ilé ta ni?" O ò lè parọ́ ẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ ilé ẹ. Tó o bá dárúkọ lánlọ́ọ̀dù ẹ, tó wá jẹ́ pé èèyàn wọn ni, àrọ̀ yẹn lè já sí ₦11,000 kí wọ́n tún fún ẹ ní èènì. Tó bá wá jẹ́ pé lánlọ́ọ̀dù jẹ wọ́n lówó látọdún tó kọjá, ó tán, ₦15,000 ò ní kúrò lójú kan, wọ́n á tún ní kó o bá wọn kí i dáadáa. Torí náà, kó o tó gba ilé ní Ẹ̀pẹ́, béèrè bóyá lánlọ́ọ̀dù ń jẹ gbèsè ẹja. Ó ṣe pàtàkì ju omi lọ.

Tí wọ́n bá ti bá ẹ pa á tán, ní kí wọ́n dì í sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Má gba funfun láéláé. Èèyàn tó bá fi láílọ́ọ̀nù funfun gbé àrọ̀ ńlá gba àárín àdúgbò ti pe àlejò nìyẹn, "ẹ kú oúnjẹ o" mẹ́fà méje á tẹ̀lé ẹ délé, ó kéré tán ẹni méjì nínú wọn á wá kí ẹ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, gẹ́lẹ́ bí ọbẹ̀ ṣe ń jinná. Tó bá sì jẹ́ Títọ́ọ̀sì inú yìnyín lo rà, ìyẹn ló tiẹ̀ yẹ kó o fi pamọ́ jù, kí lẹ́nì kan ń fi Títọ́ọ̀sì ṣe ní Ẹ̀pẹ́?

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ilé ò gùn. Nọ́ḿbà ilé ò wúlò fún ọlọ́kadà kankan. Dárúkọ màmá lánlọ́ọ̀dù, kódà tí wọ́n bá ti kú, tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, tàbí igi tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Tí ẹni tó ń gbé ẹrù bọ̀ láti Èkó bá ń pè ẹ́ pé máàpù gbé òun dé etí omi, ní kó gbé fóònù fún ọlọ́kadà tó bá sún mọ́ ọn jù, kí ìwọ máa ṣe tìẹ lọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣá. Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ló wà nílùú yìí, má dá ẹjọ́ àárín wọn. Ní 1851 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó, ibí lòun àtàwọn èèyàn ẹ̀ wá fìdí kalẹ̀ sí, ibí ló wà tó fi bá wọn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1854, ó sì padà s'Ékòó ní 1862, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá ò padà mọ́. Wọ́n bá àwọn Ìjẹ̀bú níbí. Tí àgbàlagbà kan bá wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ta ló ni kí ni, ìwọ ṣáà máa sọ pé "háà, ẹ wò ó o," o lè sọ ọ́ nílé méjèèjì láì parọ́. Tó bá di ọdún Kayọ́kayọ́ lẹ́yìn Iléyá, ilẹ̀kùn ilé àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ṣí, lọ jẹun. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Ìjẹ̀bú náà máa ń jẹ níbẹ̀, ó kàn ní òun wá kí wọn ni.

Ní ti àṣírí, ọmọ tó ń ṣe POS ló léwu jù. Ẹ̀rọ ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi máa pariwo, "Bùọ̀dá, ó ní owó ò tó o! Ṣé kí n dín in kù?" níwájú èèyàn márùn-ún. Torí náà, yẹ owó ẹ wò lórí fóònù kó o tó lọ. Tó o bá wá ní ọ̀rọ̀ kan tó o fẹ́ káyé gbọ́, bíi pé àfẹ́sọ́nà ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, sọ fún ìyá alákàrà láàárọ̀ Wẹsidé, kó o wá fi kún un pé kí wọ́n má sọ fẹ́nì kankan. Tó bá fi máa di Fúráídè, kò ní sẹ́ni tó máa bi ọmọbìnrin náà pé ta ló wá wò, wọ́n á kàn máa kí i káàbọ̀ ìyàwó wa ni. Tó ò bá sọ, tó o kàn ní kó yọ́ wọlé lálẹ́, ìyẹn ni wọ́n máa fi oṣù kan sọ.

Tó o bá sì ń rìnrìn àjò, sọ ibi tó ò ń lọ àti ọjọ́ tó o máa dé fún ẹni méjì, torí ẹnì kan lè gbàgbé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó o bá fi ọjọ́ mẹ́rin lọ síbi ìsìnkú n'Íbàdàn, wọ́n á ti ní o ti já pa lọ sí Kánádà, wọ́n á ti bá ẹ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó o bá sì ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì ẹ, màmá onígàrí á rọra fà ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní kí lo ṣe fáwọn òyìnbó tí wọ́n fi dá ẹ padà.